Ta ló ni láíbìrì? Lẹ́tà yín rèé, ìdáhùn mi rèé

Oṣù tó kọjá mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbí pé mo lọ jókòó sí láíbìrì kan ní Yábà láàárọ̀ Sátidé, àga tó ṣófo níbẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó ká mi lára. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa gbóná tó báyìí. Lẹ́tà ya wọlé bí òjò, àwọn kan ń bi mí pé ta ló tún ń lọ láíbìrì nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù ń béèrè ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé ni. Mo mú márùn-ún nínú wọn, ẹ̀yin tó kù ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù, màá kàn yín.

Lẹ́tà kìíní

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, àkọ́bí wà ní JSS 2, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Yàrá kan là ń gbé ní Múṣin, tí NEPA bá mú iná lọ ariwo jẹnẹrétọ̀ ni, tí wọ́n bá mú un dé tẹlifíṣọ̀n ará ilé ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọjá níwájú láíbìrì ìjọba tó wà lọ́nà ọjà mi, mo máa ń rí sìkiọ́ríti lẹ́nu géètì, ojú á tì mí, torí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí àwọn ọmọ mi wọlé? Èló ni?" – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Múṣin

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún jẹ́ kí ojú tì yín mọ́. Owó tí ẹ̀ ń san lójú ọjà wà lára owó tí wọ́n fi ń tọ́jú ibẹ̀. Sìkiọ́ríti yẹn máa bi yín pé kí lẹ bá wá, ẹ kàn sọ fún un pé àwọn ọmọ mi fẹ́ wá kàwé, ó tán. Wọ́n á gbé ìwé ńlá kan síwájú yín pé kí ẹ kọ orúkọ àti àsìkò tí ẹ dé, àkọ́bí yín lè bá yín kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ìwé mélòó lẹ kà. Báàgì, wọ́n lè ní kí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí náà ẹ yọ fóònù àti owó yín sọ́wọ́. Oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọlé o, gàárì inú ìwé ló ń pe èkúté, kí àwọn ọmọ jẹun kí wọ́n tó jáde nílé.

Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ béèrè ibi àwọn ọmọdé. Ọ̀pọ̀ láíbìrì ló ya apá kan sọ́tọ̀ fún wọn, àga kéékèèké, tábìlì tí kò ga, ìwé tí àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nìkan kí ẹ padà sọ́jà, kí àkọ́bí jókòó tì í. Ẹ̀yin náà tún lè jókòó, kò sí ìbéèrè kankan lórí ìyẹn.

Ní ti owó, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ fún yín. Kéèyàn jókòó kàwé níbẹ̀ lọ́tọ̀, kéèyàn yá ìwé lọ sílé lọ́tọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yá ìwé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè fọ́ọ̀mù, fọ́tò páspọ́tì, àti onídùúró, ìyẹn ẹni tó máa sọ pé tí ìwé bá sọ nù òun mọ̀ yín. Owó ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe iye kan náà níbi gbogbo, ẹ bi wọ́n lórí tábìlì, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Àárọ̀ nígbà ọlidé iléèwé ló dáa jù láti kọ́kọ́ lọ, torí tí ìdánwò WAEC àti JAMB bá ti ń bọ̀, àga á wọ́n.

Lẹ́tà kejì

"Ọmọ mi, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí ayò ní Ìtá Fájì láti ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òyìnbó ló fún wa ní láíbìrì lọ́fẹ̀ẹ́, pé tí kì í bá ṣe tiwọn a ò bá má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ní irọ́ ni, pé ìlú Èkó ló ṣe é. Ó tún ní Henry Carr nìkan ní ìwé tó kún ilé. Ẹ bá wa dá a." – Bàbá Ìtá Fájì

Bàbá mi, ẹ kú ayò o. Ọ̀rẹ́ yín jàre níbì kan, ẹ̀yin náà jàre níbì kan, àmọ́ "lọ́fẹ̀ẹ́" tó sọ yẹn ni mi ò ní gbà fún un.

Láíbìrì tí wọ́n ń pè ní Lagos Library láyé ìjọba àwọn òyìnbó, àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́ ní 1932. Andrew Carnegie fúnra rẹ̀ ti kú láti 1919, ọmọ Scotland tó lọ fi irin di olówó ní Amẹ́ríkà ni, ó kó owó tabua sí láíbìrì káàkiri ayé, àjọ tó dá sílẹ̀ ló wá ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n Lagos Library yẹn, bí ẹgbẹ́ ló rí, ẹ máa dá owó lọ́dọọdún kí ẹ tó lè yá ìwé níbẹ̀, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú ọmọ ẹgbẹ́, àwọn dúdú tó wà láàárín wọn ò tó nǹkan. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó jáde ìwé mẹ́fà, tó mọ̀wé kà dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́ kíláàkì ní Marina, ìwé wà nílùú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n kó o wá fún.

Ọdún 1946 ni nǹkan yí padà. Ọdún yẹn ni Táún Káńsù Èkó pẹ̀lú British Council jọ gbé láíbìrì ìlú kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lagos Municipal Library, èyí tó jẹ́ ti ará ìlú. Ibẹ̀ lẹ ti jàre, Bàbá. Káńsù ìlú ni, owó ìlú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó bá wọn dá sí i. Tí ọ̀rẹ́ yín bá tún gbé ẹnu sókè, ẹ sọ fún un pé ọdún 14 ló wà láàárín owó Carnegie àti ọjọ́ tí ará ìlú rí tirẹ̀.

Ó wá ku Henry Carr. Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ níbẹ̀ rárá, ó tiẹ̀ ń bu iyì ọkùnrin náà kù ni. Nǹkan bí ìwé 18,000 ló wà lọ́wọ́ Carr, ìwé tirẹ̀, nínú ilé tirẹ̀. Mo jókòó mo ṣe ìṣirò rẹ̀, tí èèyàn bá ń ka ìwé kan lọ́sẹ̀ kan láìsinmi, ọdún 346 ni yóò fi kà á tán. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1863, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé lẹ́yìn òwò ẹrú, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sierra Leone, iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ló sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Láàárín 1918 sí 1924 ó di Rẹ́sídẹ́ǹtì Ìlú Èkó, ìyẹn aṣojú ìjọba òyìnbó tó ń bójú tó Èkó, ipò tí dúdú kankan ò dé rí. Ibẹ̀ lòun àti Herbert Macaulay, olóṣèlú tó ń bá ìjọba òyìnbó fà á, ti kọlu ara wọn, lórí ọ̀rọ̀ Ọba Èkó, Eshugbayi Elékòó, Macaulay dúró ti Ọba, Carr dúró ti ìjọba, Macaulay kọ̀wé tà á síta ní 1924 pé kí Carr kúrò níbẹ̀. Èkó pín sí méjì, ẹ̀yin àgbà Ìtá Fájì ẹ mọ̀ jù mí lọ nípa bí ìyẹn ṣe rí láàárín agboolé sí agboolé.

Carr kú ní 1945, Macaulay kú ní May 1946, ọdún tí láíbìrì ìlú bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìjọba ra ìwé Carr, ṣùgbọ́n kò dúró ní Èkó, Ìbàdàn ló lọ, òun ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ láíbìrì Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1948. Ìwé àti lẹ́tà Macaulay náà, Ìbàdàn kan náà ló wà lónìí, ní láíbìrì Kenneth Dike, ìyẹn láíbìrì yunifásítì náà. Àwọn méjì tí wọn ò lè jókòó pọ̀ ní Èkó, ìwé wọn ń gbé abẹ́ òrùlé kan ní Ìbàdàn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ́ ni omi gbọ̀n mí lójú, mi ò lè tan yín. Mo mọ̀ pé Èkó ò ní yunifásítì nígbà náà, UNILAG di ọdún 1962 kó tó dé, Ìbàdàn sì tọ́jú wọn dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ ó ń dùn mí pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìwé tí ọmọ Èkó bíi tirẹ̀ kó jọ, ó máa wọ ọkọ̀ kọjá Mowé àti Ṣàgámù kó tó rí i.

Láíbìrì àpapọ̀, ìyẹn Náṣọ́nà Láíbìrì, òun náà Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ jáde ní 1964, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú ní November 6 ọdún náà, ní Wesley Street. Abuja ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ti Èkó wà ní nọ́ńbà 227 Herbert Macaulay Way, Yábà. Ẹ ò rí i, orúkọ Macaulay ló wà lójú títì níwájú rẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ níbẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì, inú yín á dùn ju ayò lọ, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè gbé ìwé ibẹ̀ lọ sílé, ibẹ̀ lẹ máa kà á sí.

Lẹ́tà kẹta

"Àǹtí mi, JAMB ni mò ń kà fún. Mo máa ń lọ láíbìrì, àmọ́ ìwé tèmi ni mò ń gbé lọ, gbogbo wa bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìwé tibẹ̀, nọ́ńbà ló wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ kan jágbe mọ́ mi pé mo da ìwé rú." – Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣómólú

Àbúrò mi, kò sí ohun tó burú nínú kí o gbé ìwé tìẹ lọ, iná àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wà lára ohun tí wọ́n kọ́ láíbìrì fún. Àmọ́ ìwé tó yí ẹ ká yẹn, ó máa dùn mí tí o bá lo oṣù mẹ́fà láàárín wọn láìṣí ọ̀kan.

Nọ́ńbà yẹn, ẹnì kan tó ń jẹ́ Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1876. Ó pín ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 títí dé 900 ó lé. Mátì wà ní 510, Físíìsì ní 530, Kẹ́mísírì ní 540, Báólọ́jì ní 570. Ìtàn Nàìjíríà wà ní 966.9. Èdè Yorùbá wà ní 496.333, ìtàn àròsọ àti ewì Yorùbá ní 896.333. Lọ síbi 896.333 yẹn lọ́jọ́ tí orí bá gbóná fún ẹ, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú rèé, àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì tóótó. Èwo ló kọ́kọ́ wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, 641.5 àbí 641.12? Ọ̀pọ̀ á sọ pé 641.5, torí 5 kéré sí 12. Rárá o, 641.12 ló ṣáájú. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà lẹ́yìn tóótó, 1 ṣáájú 5, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí o bá wá dé láíbìrì yunifásítì lọ́jọ́ iwájú tí o rí lẹ́tà dípò nọ́ńbà, bíi DT515 fún ìtàn Nàìjíríà, má bẹ̀rù, ètò míì ni wọ́n ń lò.

Òṣìṣẹ́ tó jágbe yẹn, kò yẹ kó jágbe. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí i nínú rèé: ìwé tí wọ́n dá padà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọ nù nìyẹn, ó lè tó ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó tún rí i. Tí o bá kà á tán, fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, àwọn fúnra wọn á dá a padà.

Lẹ́tà kẹrin

"Aránṣọ ni mí ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ọdún 22 nídìí máṣíìnì. Mo ti kọ ìwé kan ní Yorùbá lórí bí wọ́n ṣe ń gé bùbá, ṣòkòtò àti agbádá, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò gbọ́ èyí tí òyìnbó kọ. Atẹ̀wé ní kí n wá nọ́ńbà ISBN, ẹnì kan láàárín ọ̀nà sì ti ń bu owó ńlá fún mi. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" – Aránṣọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé yín yìí, mo fẹ́ ra tèmi.

Ẹ má fún ẹni àárín ọ̀nà yẹn ní kọ́bọ̀. Náṣọ́nà Láíbìrì tí mo dárúkọ fún Bàbá lókè yẹn náà ló ń fún èèyàn ní ISBN ní Nàìjíríà, láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta yín kò jìnnà sí Yábà rárá. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà, ẹ mú orúkọ ìwé, orúkọ yín, iye ojú ewé àti orúkọ atẹ̀wé dání. ISBN ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà 13 ló wà nínú rẹ̀, 978 ló sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé káàkiri ayé. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé 978 náà ni nọ́ńbà tí wọ́n pín fún Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí ìwé tiwa fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Tí ẹ bá rí i báyìí lára ìwé tiyín, ẹ má rò pé àṣìtẹ̀ ni.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í ṣe, ó sì ń bí mi nínú. Òfin 1970 sọ pé ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà máa kó ẹ̀dà mẹ́ta fún Náṣọ́nà Láíbìrì, láàárín oṣù kan tó jáde. Tí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà 10, tí ìjọba àpapọ̀ bá ni, 25. Àwọn èèyàn á gba nọ́ńbà tán, wọn ò ní mú ìwé padà wá. Ẹ̀yin ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú tiyín lọ. Ilé yín lè jóná, omi lè wọ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ lè fi ojú ìwé wé àkàrà, ọmọ ọmọ yín á ṣì rí ẹ̀dà yẹn níbẹ̀. Mo ti wo ibi tí ìwé ìránṣọ máa ń wà, 646.4 ni, mo ti ń wo àyè tirẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́tà karùn-ún

"Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí à ń tú àpótí wọn, lábẹ́ aṣọ òkè, a rí ìwé ìtàn ọmọdé kan tí wọ́n fi bébà ìròyìn bò. Òǹtẹ̀ láíbìrì kan ní Èkó wà nínú rẹ̀, bébà kan lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀yìn rẹ̀ tó kún fún déètì, èyí tó kẹ́yìn ni 14 MAR 1979. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jù ú nù, pé fáìnì rẹ̀ á ti tó ra ilé. Kí ni kí n ṣe?" – Ọmọ ìyá rẹ̀, Súúrùlérè

Ẹ kú àsẹ̀yìndè ìyá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra wọn.

Ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ẹ wo bébà déètì yẹn dáadáa. Mo mọ irú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá kan máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láíbìrì tí bàbá mi ń mú mi lọ, òǹtẹ̀ onígi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, rọ́bà kéékèèké ló wà nídìí rẹ̀ tó ń yí déètì, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìǹkì aláwọ̀ àlùkò, á wá gbé e lu ìwé, gbà! Á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, á tó gbé e fún mi. Tiyín náà, tí ẹ bá wò ó, ẹ máa rí i pé àwọn déètì kan tẹ̀, àwọn kan dúró ṣánṣán, àwọn kan ṣú, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Tí àárín déètì kan sí èkejì bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìwé náà gbajúmọ̀ nìyẹn, ilé kan ló ń bọ́ sí òmíràn. Ìyá yín ló yá a kẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n yín tó ní kí ẹ jù ú nù yẹn. Ẹ bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni lọ́dún náà.

Ní ti fáìnì, kọ́bọ̀-kọ́bọ̀ ni láyé ìgbà yẹn, mi ò sì rò pé láíbìráríàn kankan máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ fún ọmọ tó dá ìwé ìyá rẹ̀ padà. Ẹ gbé e lọ láàárọ̀, nígbà tí èrò ò tíì pọ̀, ẹ béèrè ọ̀gá ibẹ̀, ẹ sọ ìtàn náà bó ṣe rí. Tí láíbìrì yẹn bá ti kó kúrò níbi tí òǹtẹ̀ sọ, ẹ gbé e lọ sí láíbìrì ìjọba tó bá sún mọ́ yín, wọ́n á mọ ibi tó yẹ kó lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àwọn láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n ní kí ẹ máa gbé e lọ, tí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ náà sára rẹ̀ kó lè di tiyín gan-an.

Kó tó dọjọ́ náà, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó bá ya o, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á jẹ bébà. Ẹ má sì bọ́ bébà ìròyìn tí ìyá yín fi bò ó, ẹ wo déètì tirẹ̀ náà, kí ẹ wá fi aṣọ funfun tó mọ́ wé gbogbo rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò ní dé.